Líìgì Ilé, Ẹgbẹ́ Aláṣọ Ìjọba, Yunifásítì Amẹ́ríkà tàbí Ìrìnkiri Òkè Òkun: Èwo ló yẹ ọmọ Okun tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì?

Láti ìgbà tí D'Tigress, ẹgbẹ́ agbábásíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, ti ń gba AfroBasket, ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, léraléra, ìbéèrè tí àwọn òbí láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ń bi àwa olùkọ́ eré ìdárayá ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Ṣé eré yìí ò ní ba ìwé ọmọ mi jẹ́?" ni wọ́n máa ń bèèrè. Ní báyìí, "Tíṣà, ọ̀nà wo ló yá jù?" ni. Ìbéèrè kejì yìí ò dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀nà tó yá kọ́ ni kí ẹ wá. Ẹ wá èyí tí nǹkan á ṣì kù lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí orúnkún bá ní òun ò lọ mọ́. Agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó lórí básíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọmọ ọdún 35 ò pọ̀. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò tíì fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ní ọjọ́ orí yẹn.

Ọ̀nà mẹ́rin tó wà nílẹ̀

Àkọ́kọ́ ni líìgì ilé. Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn ti rìn jìnnà, èyí tí ojú wa mọ̀ jù ni Kwara Falcons ní Ìlọrin, tó kópa lọ́dún 2023 nínú BAL, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábásíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà. Rivers Hoopers ti Port Harcourt wà níbẹ̀, Kano Pillars àti Gombe Bulls náà wà níbẹ̀. Ìkejì ni ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ ìjọba: Kọ́sítọ́ọ̀mù, Sífíìlì Dìfẹ́ǹsì, ọmọ ogun, ọlọ́pàá. Wọ́n á gba ọmọ síṣẹ́, bọ́ọ̀lù ni yóò sì máa gbá fún wọn. Ìkẹta ni ilé-ìwé Amẹ́ríkà. Ìkẹrin ni ìrìnkiri, kí ọmọ máa fọwọ́ sí àdéhùn ọdún kan, ọdún kan: Finland lọ́dún yìí, Tùnísíà lẹ́ẹ̀mí-ìn, Kòríà lẹ́yìn ìyẹn, bí alájàpá tó ń ná ọjà ọrọọrún kiri.

Mi ò ka NBA, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ 30 ló wà níbẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 60 ni wọ́n sì ń yàn wọlé lọ́dún láti gbogbo ayé. Ibi tí ọ̀nà lè gbé èèyàn dé nìyẹn, bó bá ṣe kòńgẹ́ oríire. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà.

| | Owó | Ìwé | Bí ara bá ṣèṣe | Ohun tó ń kù |
|---|---|---|---|---|
| Líìgì ilé | Ó ń wá, ó ń lọ | Ó ṣeé pa pọ̀ mọ́ yunifásítì | Ẹgbẹ́ lè ràn án lọ́wọ́, ẹbí ló sábà ń san | Orúkọ, àti ìwé bó bá kà á |
| Aláṣọ ìjọba | Owó oṣù ipò rẹ̀ | Ó ṣeé ṣe, ó máa ń fà | Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà | Iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì |
| Yunifásítì Amẹ́ríkà | Oúnjẹ, ibùgbé, owó ilé-ìwé | Òun gan-an ni ọjà | Ilé-ìwé máa ń tọ́jú | Dìgírì |
| Ìrìnkiri | Ó lè pọ̀, ó lè máà dé | Kò sí | Ohun tó wà nínú àdéhùn ni | Ohun tó bá fi pamọ́ |

Owó

Nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó aláṣọ ìjọba ni kò ní ariwo, òun náà ló dájú jù. Agbábọ́ọ̀lù Kọ́sítọ́ọ̀mù ń gba owó oṣù ipò tí wọ́n gbà á sí, yálà líìgì ń lọ ni o, yálà kò lọ. Ìgbéga wà níbẹ̀, ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń fojú di ọ̀nà yìí nítorí pé kò sí fọ́tò pápákọ̀ òfurufú nínú rẹ̀. Ìṣòro tòótọ́ tó wà níbẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà: ìgbaniwọlé kì í wáyé lọ́dọọdún, ọjọ́ orí ní òté, èrò sì pọ̀ tó ń du àyè kan náà. Kóòṣì ẹgbẹ́ ní láti ti mọ ọmọ náà kó tó dìgbà ìgbaniwọlé, ibi tí yóò sì ti rí i ni ìdíje: eré ìdárayá ìpínlẹ̀, NUGA ti àwọn yunifásítì, tàbí líìgì kékeré.

Líìgì ilé yàtọ̀ gédégédé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá ibẹ̀. Bí àpò ìpínlẹ̀ bá gbẹ, owó agbábọ́ọ̀lù wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ pẹ́. Líìgì fúnra rẹ̀ máa ń dákẹ́ nígbà tí onígbọ̀wọ́ bá yọwọ́, tàbí tí àwọn àgbà àjọ bá ń fa aṣọ ya mọ́ra wọn lára. Ẹ rántí oṣù Karùn-ún 2022, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé fún ọdún méjì nítorí ìjà inú àjọ náà. Oṣù kejì rẹ̀ ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n D'Tigress tó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé ọdún yẹn kò lọ mọ́. Mali ló gba àyè wọn. Agbábọ́ọ̀lù tí kò jà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni ló jìyà ìjà ọlọ́jà.

Ohun tó ń gba líìgì ilé là ni BAL. Kigali ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2021, NBA àti FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ló jọ dá a sílẹ̀. Rivers Hoopers gba ipò kẹta níbẹ̀ lọ́dún 2024. Kí BAL tó dé, ó di dandan kí ọmọ Nàìjíríà fi ilé sílẹ̀ kí ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù tó lè rí i. Ní báyìí, àwọn yẹn náà ń wá sí Áfíríkà wá jókòó. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà mọ́ pé ẹni tó bá dúró nílé ti pàdánù.

Amẹ́ríkà: ìwé ni ẹ ń rà, bọ́ọ̀lù ni ẹ fi ń san

Bí ilé-ìwé tòótọ́ bá fún ọmọ yín ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ pátápátá, tí físà sì jáde, ọ̀nà yìí ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀. Ṣùgbọ́n "bí" méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn.

Ẹ wo "bí" àkọ́kọ́. Gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà kọ́ ló ń fún agbábọ́ọ̀lù lówó. Nínú NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbẹ̀, ìpele Division I àti II ń fún èèyàn ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ nítorí eré; Division III kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà Division III dára lójú bíi ti àwọn yòókù, àmì ilé-ìwé wà lókè, ìbuwọ́lùwé wà nísàlẹ̀. Òbí tí kò mọ ìyàtọ̀ á pe gbogbo àdúgbò wá ṣe ìdúpẹ́, kó tó rí i pé òun lòun máa san owó náà ní dọ́là. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì náà wà, tí wọ́n ń pè ní JUCO. Ẹnu ọ̀nà gidi ni fún ọmọ tí máàkì rẹ̀ ò dára tó. Masai Ujiri tó dàgbà ní Zaria, tó wá di ọ̀gá ẹgbẹ́ NBA, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré bẹ́ẹ̀ ní North Dakota wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

NCAA ń béèrè fún ẹ̀kọ́ 16 tó jẹ́ pàtàkì láti ilé-ìwé girama, Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sì ń ka ọdún. Ọmọ tó bá parí WAEC tó wá jókòó sílé fún ọdún méjì, mẹ́ta, tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré ní pápá ìwòyí ọ̀sán, ọdún tó jókòó lè máa jẹ nínú ọdún tí wọ́n máa fi gbà á láyè láti gbá bọ́ọ̀lù ní Division I. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ láti SS1. Lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Ọjọ́ ìbí tó wà lórí ìwé ìbí, WAEC àti ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ bá ara mu. Kóòṣì tó bá ní kí ẹ dín ọdún méjì kù kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi ọmọ yín léèrè ní ẹ́ńbásì.

"Bí" kejì ni físà. Ìlànà Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà ti le gan-an láti 2025. Ẹ bèèrè bó ṣe rí lóṣù tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe bó ṣe rí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn.

Owó tí gbogbo ayé ń pariwo ńkọ́? Òótọ́ ni pé láti oṣù Keje 2021 ni akẹ́kọ̀ọ́ agbábọ́ọ̀lù ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, àti pé láti 2025 ni yunifásítì fúnra wọn ti lè san owó fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò ní òmìnira láti ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Ohun tí ọmọ onílé ń gbà pẹ̀lú ẹ̀rín lè kó o sí wàhálà. Kó bá ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì sọ̀rọ̀ kó tó gba kọ́bọ̀.

Ìrìnkiri: iṣẹ́ gidi, kì í ṣe ìgbafẹ́

Àwọn èèyàn máa ń rò pé agbábọ́ọ̀lù tó ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ti kùnà ni. Irọ́ gbáà. Olumide Oyedeji, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ NBA ti Seattle ló yàn án ní ipò 42 lọ́dún 2000. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì. Lẹ́yìn Seattle àti Orlando, ó lọ sí Ṣáínà, ó lọ sí South Korea, ó dé ibòmíràn púpọ̀, títí tó fi jẹ́ balógun D'Tigers, ẹgbẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà, ní Òlíḿpíìkì London 2012. Ọdún mẹ́ta péré ló lò ní NBA. Ìrìnkiri ló fi jẹun lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ tó ní iyì ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a tú u wò.

Àdéhùn sábà máa ń jẹ́ ti sáà kan: láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Karùn-ún ọdún kejì. Ẹgbẹ́ ló ń wá ilé, òun ló ń san owó ọkọ̀ òfurufú àlọ àti àbọ̀. Oṣù mẹ́ta yòókù, kò sí owó. Líìgì kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye àjèjì tí ẹgbẹ́ kan lè lò, nítorí náà àjèjì kò gbọ́dọ̀ kàn dáa bí ọmọ onílé, ó gbọ́dọ̀ dáa jù ú lọ. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù ìdíje mẹ́rin léra, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n lè rán an lọ ní oṣù Kejìlá, kí ẹlòmíràn gba kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ kó tó dé pápákọ̀.

Ohun kan wà tí mo gbádùn láti máa sọ fún àwọn ọmọ, nítorí pé ìwé ìrìnnà wa kì í sábà ṣe wá ní àǹfààní. Àdéhùn kan wà tí ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pàsífíìkì fọwọ́ sí ní Kútọ̀nù lọ́dún 2000, kó tó di pé òmíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Samoa lọ́dún 2023 rọ́pò rẹ̀. Nítorí ti Kútọ̀nù yẹn, àwọn líìgì kan ní Fáránsé àti Spéènì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i láìkà á mọ́ àjèjì bíi ti ará Amẹ́ríkà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan tilẹ̀ ti wá ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Áfíríkà tìtorí èyí. Kí ọmọ yín bi ejẹ́ǹtì rẹ̀ bí líìgì tó fẹ́ lọ ṣe ń ka ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Owó tí kò dé ni àrùn ọ̀nà yìí. FIBA ní ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan tí wọ́n ń pè ní BAT, Geneva ló fìdí sí, ó sì ti ń dá ẹjọ́ láàrin agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ láti 2007. Ṣùgbọ́n BAT kò lè gbọ́ ẹjọ́ yín bí àdéhùn kò bá sọ pé òun ni ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ bá, ó sì ní owó tí èèyàn ń san kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ni. Bí ìlà yẹn kò bá sí níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ ìlú onílùú ló kù, ní èdè tí ọmọ yín kò gbọ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ẹgbẹ́ ló máa san owó iṣẹ́ abẹ bí iṣan orúnkún bá já, àti bóyá owó oṣù á ṣì máa wọlé nígbà tó bá wà lórí ìdùbúlẹ̀. Àdéhùn tó dákẹ́ lórí èyí ti sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn eré ńkọ́? Ujiri tí mo dárúkọ rẹ̀ lókè fi ọdún mẹ́fà rìn kiri àwọn líìgì Yúróòpù tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Àwọn èèyàn tó pàdé lójú ọ̀nà ló sọ ọ́ di ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ NBA, láìgba owó níbẹ̀rẹ̀; òun ló wà nídìí Toronto Raptors nígbà tí wọ́n gba ife NBA lọ́dún 2019. Ime Udoka, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kékeré Amẹ́ríkà àti ní Spéènì, wọ́n ti já orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó di kóòṣì tó gbé Boston Celtics dé àṣekágbá lọ́dún 2022. Àwọn méjèèjì lọ sí yunifásítì kí ìrìnkiri tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Gíga

Mo ní láti sọ èyí, bó tilẹ̀ ń dun àwọn ọmọ. Ọmọ tó ga ju gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní Ìsánlú, tó jẹ́ mítà kan àti 85, ibi òrùka la máa ń fi sí nílé-ìwé. Ní òkè òkun, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn ni gíga yẹn, irú rẹ̀ sì kún Amẹ́ríkà bí èèrùn. Àjèjì tí ẹgbẹ́ Yúróòpù ń wá láti Nàìjíríà sábà máa ń ju mítà méjì lọ. Kí ọmọ kúkúrú kọ́ bí a ti ń darí eré àti bí a ti ń jù láti òkèèrè láti ìsinsìnyí. Fún òun, líìgì ilé àti aláṣọ ìjọba ṣeé rìn ju méjì yòókù lọ.

Ejẹ́ǹtì àti owó kaṣú

Láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún tí owó kaṣú bá ń wọlé, àwọn "ejẹ́ǹtì" náà máa ń wọlé. Wọ́n mọ ìgbà tí owó wà nílé. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín wá ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ejẹ́ǹtì tòótọ́ ń jẹ nínú àdéhùn tó bá wá, ẹgbẹ́ ló sì sábà ń san án. FIBA ń fún ejẹ́ǹtì ní ìwé àṣẹ, orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọmọ yín á wá a lórí fóònù kí omi ọbẹ̀ tó hó.

Ìlànà FIBA kan náà tún wà tí gbogbo òbí gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹgbẹ́ òkè òkun kò lè kàn wá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àfi nínú ọ̀ràn àrà ọ̀tọ̀ tí FIBA fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 yín lọ sí "àkádẹ́mì" ní ilẹ̀ tí kò lè tọ́ka sí lórí máàpù, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn, kì í ṣe ti eré. Adem Bona tí ẹgbẹ́ NBA ti Philadelphia yàn lọ́dún 2024 kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Tọ́kì nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì yọrí sí rere, tó fi di ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì. Òun là ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. A kì í gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Àwọn ọmọbìnrin

Ìṣirò tiwọn yàtọ̀. Lórílẹ̀-èdè wa, ẹgbẹ́ obìnrin ló ń mú ọlá wá: AfroBasket 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, léra wọn, àti ìpele kọtafáínà ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, èyí tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé rí. Lẹ́yìn ti 2025, Ààrẹ Tinubu ṣèlérí 100,000 dọ́là, ilé àti oyè OON fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàwé. Fún ọmọbìnrin tó ga, tó sì mọ̀wé, mo máa ń fi Amẹ́ríkà síwájú láìṣiyèméjì. Bí físà bá kọ̀, ẹgbẹ́ aláṣọ ìjọba, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ wọn wà ní líìgì obìnrin pẹ̀lú.

Bí mo ṣe máa yàn án

Bí ọmọ bá jẹ́ SS1 tàbí SS2, tó ga, tí máàkì rẹ̀ dáa: ẹ kọ́kọ́ lé Amẹ́ríkà, kí ẹ má fi JAMB sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Amẹ́ríkà kò bá bọ́ sí i, kó wọ yunifásítì nílé, kó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kó sì wá àyè ní líìgì. Lokoja súnmọ́ Kàbbà, Ìlọrin náà kò jìnnà sí àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀.

Bí ọmọ bá ti ju ogún ọdún lọ, tí kò sí ìwé, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa: aláṣọ ìjọba. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín wọn.

Ìrìnkiri, ẹni tó ti ní dìgírì tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ni mo máa ń gbà níyànjú pé kó gbé e, kó sì jẹ́ láti ẹgbẹ́ tó ti rí i ní BAL tàbí ní líìgì, kì í ṣe láti ọwọ́ ẹni tó bá a pàdé lórí Facebook. Ọjọ́ tí àdéhùn bá dé, kí ó tó buwọ́ lù ú, ẹ mú u lọ bá lọ́yà kan ní Kàbbà tàbí Lokoja. Ẹ jẹ́ kó wá ohun mẹ́rin níbẹ̀: ọjọ́ tí owó ń wọlé, ẹni tó ń san owó ìwòsàn, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, àti ìlà BAT yẹn. Owó tí lọ́yà máa gbà kò ní tó ti ọkọ̀ òfurufú.